Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Ilé, Àpáta àti Igbó sí Ẹ̀gbẹ́ Rélùwéè Kékeré Yín

Okun o! Ìbéèrè kan náà ló ń wá láti Kàbbà, láti Ẹ̀gbẹ̀, láti Ìsánlú, káàkiri ilẹ̀ Okun wa ní Kogi: "Mo ti ra ọkọ̀ ojú irin kékeré, mo ti to irin rẹ̀ sórí pákó, ó sì ń sáré yípo. Ibo ni mo ti máa rí ilé, igi àti òkè tó máa yí i ká?" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè ti wo iye tí wọ́n ń ta ilé Faller ti Jámánì tàbí koríko Woodland Scenics ti Amẹ́ríkà. Wọ́n ro owó ìkẹ́rù mọ́ ọn, ó sì sú wọn.

Ẹ má rà á. Kì í ṣe torí owó nìkan ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ilé inú àwọn páálí yẹn jẹ́ ilé ìlú olótùútù, òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó kí yìnyín lè yọ̀ dànù lórí rẹ̀. Kò bá ilẹ̀ wa mu. Ohun tó máa mú kí ẹni tó bá wọlé yín wo tábìlì náà kó sì pariwo pé "Ìlú Ìyàrà rèé!" kò ju mẹ́ta lọ: àwọ̀ ilẹ̀, páànù tó ti dógùn-ún, àti àpáta tó yọrí lẹ́yìn ilé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ lè fi ohun àyíká yín ṣe.

## Bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. Wọ́n á kọ́kọ́ kọ́ ilé tó rẹwà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n á wá da yanrìn àti omi gọ́ọ̀mù (gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi omi là) lé e lórí. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ tó máa ń dọ̀tí ṣáájú, kí èyí tó gba ẹ̀sọ̀ kẹ́yìn.

1. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sáré lórí irin títí ẹ ó fi rí i pé kò já bọ́ níbì kankan. Ohun tí kò tíì gún lónìí, ó le láti tún ṣe nígbà tí òkè bá ti bò ó.
2. Ẹ wọn àyè tí ọkọ̀ nílò.
3. Ẹ fi páálí lásán gé àpẹẹrẹ ilé, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ sún un síwá sẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan.
4. Òkè àti àpáta.
5. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí gbogbo orí pákó.
6. Òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin.
7. Ilẹ̀ pupa, lẹ́yìn náà koríko.
8. Ilé, tí ẹ ti kọ́ parí lórí tábìlì mìíràn.
9. Igi, ọ̀pó iná, èèyàn.

Ìwọ̀n àyè tí mo dárúkọ ní ìkejì, báyìí ni ẹ ó ṣe é. Ẹ mú kóòṣì (ọkọ̀ èrò) tó gùn jù tí ẹ ní. Ẹ fi sẹ́lótéèpù de pẹ́ńsù kan mọ́ àárín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó kọjú sí inú kọ́nà, ẹ de òmíràn mọ́ igun rẹ̀ níhà òde, kí ẹnu wọn kan pákó. Ẹ fi ọwọ́ ti kóòṣì náà yí gbogbo kọ́nà ká. Ìlà tí pẹ́ńsù bá fà ni ààlà. Ẹ má gbé ògiri, àpáta tàbí ọ̀pó sí ibi tí kò fi mílímítà 5 jìnnà sí ìlà yẹn. Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ HO (ìwọ̀n kan tí mo ṣàlàyé nísàlẹ̀), tí ẹ sì fẹ́ kó gba inú òkè kọjá, ẹ jẹ́ kí ihò náà ga tó mílímítà 80 láti orí irin. Ẹ sì ṣí ẹ̀yìn òkè náà sílẹ̀ kí ọwọ́ lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkọ̀ yóò dojú dé nínú rẹ̀.

## Ìwọ̀n: ẹ wọn ilé gidi kí ẹ tó gé páálí

HO ló wọ́pọ̀ jù lọ: ohun gbogbo di ìdá kan nínú 87. Fún àwa tí a ń fi fíìtì kọ́lé, ìṣirò rẹ̀ rọrùn: fíìtì kan ní ìta jẹ́ mílímítà 3.5 lórí tábìlì. Tí tiyín bá jẹ́ N, tó jẹ́ ìdá kan nínú 160, fíìtì kan jẹ́ mílímítà 1.9.

Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ìṣeré tí ẹ rà lọ́jà ni, tí wọn kò kọ ìwọ̀n sí i lára, ẹ wọn gíga ẹnu ọ̀nà kóòṣì rẹ̀. Bí ó bá tó mílímítà 22 sí 24, ẹ kọ́lé HO. Bí ó bá wà ní 12 tàbí 13, ẹ kọ́lé N. Bí ó bá ju 40 lọ, ẹ múra sílẹ̀ fún ilé ńlá.

Ìwọ̀n HO tí ẹ ó máa lò lójoojúmọ́ (ẹ kọ ọ́ sára ògiri):

- Ilẹ̀kùn, fíìtì 7 sí 3: mílímítà 24.5 sí 10.5
- Yàrá, fíìtì 12 sí 12: mílímítà 42 sí 42
- Gíga ògiri, fíìtì 10: mílímítà 35
- Búlọ́ọ̀kù, ínṣì 18 sí 9: mílímítà 5.2 sí 2.6
- Páànù kan, fíìtì 8: mílímítà 28
- Àgbàlagbà tó dúró: nǹkan bíi mílímítà 20
- Ọ̀pó iná kékeré, fíìtì 28: mílímítà 98
- Ọ̀pẹ, fíìtì 40: mílímítà 140

Rélùwéè kò gba Yàgbà, Ìjùmú, Búnú tàbí Mọ̀pà kọjá, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wo tẹ́ṣàn gidi kó tó kọ́ tirẹ̀ ní láti jáde díẹ̀. Itakpe ló sún mọ́ àwọn ará Kàbbà. Àwọn ará Ẹ̀gbẹ̀ lè gba ọ̀nà Ọ̀fà ní Kwara. Ẹ fi sọ́kàn pé ojú irin méjèèjì yàtọ̀. Ti Itakpe sí Warri, tí wọ́n ṣí ní 2020, fẹ̀ tó mílímítà 1,435, irin HO tó fẹ̀ ní mílímítà 16.5 sì bá a mu wẹ́kú. Ti Ọ̀fà, ìyẹn ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ Kánò, jẹ́ 1,067. Irin mílímítà 12 ni ìbá bá a mu ní ìwọ̀n HO. Irin 16.5 tí ẹ ti rà kò burú fún Ọ̀fà náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ ti fún un ní àyè jù.

## Kíkọ́ ilé

Ohun tí ẹ ó nílò:

- páálí tín-ín-rín, irú èyí tí wọ́n fi ń di bisikíìtì tàbí kọnfiléèkì
- rúlà onírin àti bíléèdì tuntun
- gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, tí gbogbo wa mọ̀ sí Top Bond
- igi ìṣáná tàbí igi tín-ín-rín mìíràn fún igun ilé
- bíróò tí yíǹkì ti tán nínú rẹ̀
- ọ̀dà olómi funfun, àti àwọ̀ díẹ̀ láti pò mọ́ ọn

1. Ẹ ya ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí páálí kan náà, ní ìtòtẹ̀lé, kí ẹ fi àyè mílímítà 5 sílẹ̀ ní ìparí fún ibi tí ẹ ó fi gọ́ọ̀mù sí.
2. Ẹ gé fèrèsé àti ilẹ̀kùn jáde kí ẹ tó ká ògiri. Ẹ fi bíléèdì fà á díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, páálí á ya, ọwọ́ yín náà sì lè bọ́ sí i.
3. Bí ilé náà kò bá ní ìrẹ́, tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ ń hàn, ẹ fi bíróò gbígbẹ fa ìlà tó dùbúlẹ̀ ní mílímítà 2.6 síra wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àwọn ìlà kúkúrú tó dúró ní 5.2 síra wọn, kí ìlà ìtẹ̀ kan bọ́ sí àárín búlọ́ọ̀kù ìtẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀.
4. Ẹ ká ògiri, ẹ lẹ̀ ẹ́, ẹ fi igi ìṣáná gbe gbogbo igun nínú. Ilé tó bá gùn ju mílímítà 80 lọ, ẹ fi ògiri kan dá a láàárín, bí kò bá tiẹ̀ sí yàrá níbẹ̀.
5. Ẹ fi omi gọ́ọ̀mù kun inú àti ìta. Ẹ má kun ìta nìkan. Páálí tí gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀dà wà ní ojú rẹ̀ kan ṣoṣo yóò tẹ̀ kọrọdọ tó bá gbẹ, kò sì sí bí ẹ ṣe máa tún un ṣe.
6. Fún ilé tí wọ́n rẹ́, ẹ po POP (ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé) díẹ̀ mọ́ ọ̀dà olómi, kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gún un mọ́ ògiri. Ẹ má fà á.

Ẹ wá wo ẹsẹ̀ ògiri ilé tí ẹ ń gbé yìí fúnra yín. Òjò ti ta ilẹ̀ pupa sí i lára láti ìsàlẹ̀ dé nǹkan bíi fíìtì kan àbọ̀ sí méjì. Ìlà pupa yìí wà lára gbogbo ilé tó ti rí òjò mélòó kan nílẹ̀ Okun, ì báà ṣe ilé amọ̀ àtijọ́ tàbí ilé ìjọsìn. Bí ẹ bá ti kun ògiri tán, ẹ pa ilẹ̀ pupa kíkúnná pọ̀ mọ́ omi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ gún un sí ẹsẹ̀ ògiri, mílímítà 5 sí 7 ni kó ga mọ. Kó pọ̀ nísàlẹ̀ gan-an, kó máa fọ́n ká bó ṣe ń gòkè. Ó tún máa ń pọ̀ sí i lábẹ́ etí òrùlé, níbi tí omi ti ń já sílẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, òun ló sì ń mú ilé páálí jókòó sórí ilẹ̀ bí ilé gidi.

Kí ni kí ẹ kọ́? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé oníyàrá méjì pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ṣọ́ọ̀bù onígun mẹ́rin, ilé ìkẹ́rùsí kajú, ilé ìjọsìn kékeré. Ẹ fi tẹ́ṣàn ṣe ìkẹyìn, nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, torí òun ni gbogbo ojú máa wò. Gíga pèpéle tí èrò ń dúró sí, ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ gbé kóòṣì yín kalẹ̀ lórí irin kí ẹ wọn bí ilẹ̀ inú rẹ̀ ṣe ga tó.

## Òrùlé páànù

Bí àkókò yín bá kéré, orí òrùlé ni kí ẹ ná an sí. Òkè la ti ń wo tábìlì rélùwéè, òrùlé ni a sì ń rí jù nínú ilé.

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù lọ ni pé àwọn èèyàn máa ń bó ojú páálí kátọ̀nù kí wọ́n lè fi inú rẹ̀ tó rí kólokòlo ṣe páànù. Ẹ wọn ọ́n: láti orí ìgbì kan dé ìkejì máa ń tó mílímítà 6 sí 7, ìyẹn nǹkan bíi fíìtì méjì ní ìwọ̀n HO. Ìgbì páànù gidi kò ju ínṣì mẹ́ta lọ, èyí tí kò pé mílímítà kan. Ẹ tọ́jú páálí kólokòlo náà, a ó lò ó ní oko.

1. Ẹ wá bébà fàdákà tó nípọn díẹ̀, irú èyí tó máa ń dí ẹnu agolo mílíìkì ìyẹ̀fun. Ti inú páálí sìgá fẹ́lẹ́ jù, àmọ́ ó ṣeé lò bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù lẹ bébà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.
2. Ẹ tẹ́ ẹ lé orí ìwé ìròyìn tí ẹ ká sí mẹ́rin.
3. Ẹ mú bóòtù onírin gígùn, irú èyí tí nọ́ọ̀tì ń wọ̀, tó nípọn ní mílímítà 6. Ìlà ara rẹ̀ fi mílímítà kan síra wọn, ohun tí a ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà náà, kí ẹ yí i lọ síwájú lọ́nà tó tọ́. Ìlà páànù yóò jáde ní ìtòtẹ̀lé. Bí ẹ kò bá rí bóòtù, ẹ fi èékánná ra bébà náà mọ́ ìyàrí eléyín wẹ́wẹ́.
4. Ẹ gé e sí pélébé pélébé, mílímítà 28 sí 9. Ẹ má lẹ bébà gbọọrọ kan ṣoṣo bo gbogbo òrùlé. Kò sẹ́ni tó ń ta páànù bẹ́ẹ̀ ní ọjà Kàbbà.
5. Láti ìsàlẹ̀ òrùlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí lẹ̀ ẹ́ lọ sókè. Kí ti òkè gun ti ìsàlẹ̀ ní mílímítà 2, kí etí rẹ̀ sì jáde kọjá ògiri ní mílímítà 7 ó kéré tán.
6. Ẹ ká pélébé kan fún orí òkè pátápátá.

Ó kù kí ẹ mú un dógùn-ún. Ẹ gun ibi gíga kan ní ìlú yín, kí ẹ wolẹ̀. Ìpẹtà kì í mú gbogbo páànù bákan náà. Ojú ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ibi tí páànù kan ti gun èkejì, níbi tí omi ti ń pẹ́. Láti ibẹ̀ ló ti ń ṣàn wálẹ̀ ní ìlà tín-ín-rín. Páànù kan lè ti pọ́n dúdú nígbà tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń tàn, torí ìjì ló ṣí ti tẹ́lẹ̀ lọ tí wọ́n fi tuntun rọ́pò.

Ẹ kọ́kọ́ fi sáńpépà tó kúnná ra bébà fàdákà náà kí ọ̀dà lè dì í mú. Ẹ po àwọ̀ ilẹ̀ mẹ́ta: pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ igi, àti èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú. Ẹ fi èyí àkọ́kọ́ kun páànù mẹ́ta nínú mẹ́rin, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì yọ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ láìkùn. Kí ó tó gbẹ tán, ẹ fi ẹnu ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ kan tọ àwọ̀ kejì sí ojú ìṣó àti ibi ìgunra, ẹ fà á wálẹ̀. Àwọ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, ibi tí òrùlé méjì ti pàdé nìkan ni kí ẹ fi sí.

## Òkè àti àpáta

Ẹ má wo àwòrán òkè Yúróòpù kí ẹ fi ṣe àwòkọ. Òkúta tiwọn mú ṣóńṣó, ó fọ́ yánkanyànkan. Àpáta ilẹ̀ wa rí róbótó, orí rẹ̀ dán, ó dìde gìrìgìrì láàárín ilẹ̀ títẹ́jú. Àwọn òkúta bàǹtàbanta tó já láti ara rẹ̀ wà nísàlẹ̀, koríko sì wà nínú ojú ìyapa rẹ̀.

1. Ẹ wá fóòmù funfun tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n tàbí fíríìjì nínú páálí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ léra pẹ̀lú gọ́ọ̀mù funfun, kí ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú.
2. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e sí róbótó. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà ra á.
3. Ẹ rẹ tíṣù tàbí ìwé ìròyìn wẹ́wẹ́ sínú omi gọ́ọ̀mù, gọ́ọ̀mù kan sí omi kan, ẹ fi bò ó ní ìpele méjì. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá.
4. Ẹ po POP, ìwọ̀n méjì POP sí ìwọ̀n kan omi. POP ni kí ẹ máa dà sínú omi, ẹ má da omi sínú POP. Ẹ po èyí tí ẹ lè lò tán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ rẹ́ ẹ lé orí rẹ̀ fẹ́lẹ́.
5. Kó tó le tán, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí tútù dán an, kí ẹ fi ọ̀bẹ fa ojú ìyapa kan tàbí méjì tó tẹ̀ lé bí àpáta ṣe yípo. Kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.
6. Àwọ̀: eérú àti dúdú díẹ̀ nínú ọ̀dà funfun, kó jẹ́ àwọ̀ eérú tó ṣókùnkùn díẹ̀. Kí ó gbẹ.
7. Ẹ lọ èédú kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi púpọ̀. Ẹ fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ kán an sí orí àpáta, kí ẹ jẹ́ kó fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà wálẹ̀. Àwọn ìlà dúdú gígùn tí ẹ ń rí lára àpáta gidi, ipa omi òjò ni wọ́n. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì yà á, ojú á mọ̀ ọ́n.

Ẹ ṣọ́ra gidi níbi mẹ́rin yìí:

- Ọ̀dà alágolo tí wọ́n ń fọ́n, tínà àti bẹntiróòlù máa ń jẹ fóòmù run. Ọ̀dà olómi nìkan ni kó kàn án.
- Àwọn kan máa ń yọ́ fóòmù sínú bẹntiróòlù kí wọ́n lè fi ṣe gọ́ọ̀mù. Iná ni wọ́n ń pò yẹn. Ẹ má dán an wò nínú ilé.
- Bí ẹ bá ń fi irin gbígbóná gé fóòmù, ìta gbangba ni kí ẹ wà. Èéfín rẹ̀ ń pa ẹ̀dọ̀fóró lára.
- Ẹ má da ìyókù POP sínú ihò omi ìdọ̀tí. Inú rẹ̀ ni yóò ti le.

Bí fóòmù kò bá sí: ẹ fi páálí kátọ̀nù gígé gígùn hun bí apẹ̀rẹ̀, ẹ fún ìwé ìròyìn mọ́ inú rẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ láti ìpele kẹta. Ṣùgbọ́n kò ṣeé gé tó bá ti gbẹ.

## Òkúta wẹ́wẹ́ abẹ́ irin

Òkúta tó wà lábẹ́ rélùwéè gidi tóbi tó mílímítà 30 sí 60. Ní HO, kò pé mílímítà kan. Nítorí náà, òkúta wẹ́wẹ́ tí ojú yín ń wò pé ó kéré ti tóbi jù. Lẹ́búlẹ́bú òkúta tó máa ń kù níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ló dára jù. Ẹ fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ sẹ́ ẹ, ẹ da èyí tó kù lórí rẹ̀ nù, ẹ tún fi aṣọ fẹ́lẹ́ sẹ́ èyí tó bọ́ sílẹ̀ kí eruku rẹ̀ lè kúrò.

1. Ẹ da á sáàárín irin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pín in. Kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan lórí igi tó dábùú lábẹ́ irin tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin nínú.
2. Ẹ kán ọṣẹ olómi ẹ̀kán méjì sínú ife omi kan, ẹ fi ìgò afọ́nmi fọ́n ọn títí yóò fi tutù dáadáa. Láìsí ọṣẹ, gọ́ọ̀mù á dúró lórí rẹ̀, kò ní wọlé.
3. Ẹ fi síríńjì kán omi gọ́ọ̀mù sí i, gọ́ọ̀mù kan sí omi mẹ́ta.
4. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ fi aṣọ tí ẹ ta sípíríìtì sí nu orí irin kí ẹ tó gbé ọkọ̀ lé e.

Níbi tí irin ti pín sí méjì, ẹ má kán gọ́ọ̀mù kankan sí ibi tí irin tó ń sún wà. Òkúta díẹ̀ tí kò lẹ̀ sàn ju irin tí kò lè sún mọ́ lọ.

## Ilẹ̀ pupa

Kò sí ọ̀dà tó lè ṣe iṣẹ́ tí ilẹ̀ gidi máa ṣe níbí. Ẹ bu agolo méjì mẹ́ta láti ẹ̀yìnkùlé.

1. Ẹ sá a sóòrùn. Lẹ́yìn náà, ẹ yan án nínú agbada àlòkù lórí iná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹyin kòkòrò àti irúgbìn inú rẹ̀ kú. Ẹni tó bá fo èyí, èèrà ni yóò kọ́kọ́ kó wọ ìlú rẹ̀.
2. Ẹ gún un, ẹ fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ sẹ́ ẹ, ẹ tún fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹ fi ìbòmú bo imú.
3. Ẹ fi nylon wé òòfà, kí ẹ fà á káàkiri nínú rẹ̀ títí kò fi ní mú ohunkóhun mọ́. Ilẹ̀ wa ní irin nínú, òòfà sì wà nínú mọ́tò ọkọ̀ kékeré. Bí lẹ́búlẹ́bú irin bá wọ ibẹ̀, ọkọ̀ náà yóò máa kùn, yóò sì kú. Ẹni tó bu ilẹ̀ rẹ̀ ní agbègbè Itakpe, níbi tí irin ti pọ̀ nínú ilẹ̀, kó ṣe é ní àṣetúnṣe. Bí ẹ bá fẹ́ fi irin Itakpe kún inú wágọ́ọ̀nù yín, ẹ lo yanrìn tí ẹ kùn dúdú dípò rẹ̀.
4. Ẹ dán an wò lórí páálí kan. Omi gọ́ọ̀mù máa ń mú ilẹ̀ pupa ṣókùnkùn sí i, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Bí ó bá ti dúdú jù, ẹ po ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì mọ́ ọn.
5. Ẹ kun pákó ní àwọ̀ ilẹ̀, ẹ fi kọ̀ǹkọ̀sọ̀ fọ́n ilẹ̀ náà lé e nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù, kí ẹ wá fọ́n omi ọṣẹ, kí ẹ sì kán gọ́ọ̀mù bí ti òkúta abẹ́ irin.

Ẹ ya ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá, ẹ jẹ́ kó funfun díẹ̀ ju ilẹ̀ yòókù lọ. Ẹsẹ̀ èèyàn máa ń mú ilẹ̀ mọ́.

## Koríko, oko àti igi

Kí ẹ tó po àwọ̀ kankan, ẹ pinnu: òjò ni tàbí ọ̀gbẹlẹ̀? Kò lè jẹ́ méjèèjì. Ní tèmi, mo fẹ́ràn oṣù Kọkànlá, nígbà tí koríko ti ń di àwọ̀ wúrà àmọ́ tí ewé kajú ṣì tutù yọ̀yọ̀.

Koríko kúkúrú: lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́mìlì, tí ẹ sẹ́, tí ẹ pò mọ́ ọ̀dà olómi tí omi pọ̀ nínú rẹ̀, tí ẹ sì sá gbẹ. Ẹ ṣe àwọ̀ mẹ́ta ó kéré tán, ẹ pò wọ́n pọ̀ bí ẹ ṣe ń fọ́n ọn.

Eèsún àti bẹẹrẹ: fọ́nrán àpò ìdọ̀họ. Ẹ gé e ní mílímítà 15 sí 35, ẹ di díẹ̀díẹ̀ mọ́ra, ẹ ki ìdí rẹ̀ bọ gọ́ọ̀mù, kí ẹ gbìn ín. Kànrìnkàn náà dára, pàápàá fún ilé olórùlé koríko.

Oko: ẹ rántí páálí kólokòlo tí a pa tì. Ìgbì rẹ̀ ló rí bí poro oko gan-an. Ẹ tẹ́ ẹ mọ́lẹ̀, ẹ fi gọ́ọ̀mù kùn ún, ẹ da ilẹ̀ pupa lé e. Ebè iṣu ní tirẹ̀ jẹ́ amọ̀ róbótó tó ga ní mílímítà 7 sí 10. Ewé tíì tí ẹ ti lò tí ẹ sá gbẹ ni ewé gbígbẹ abẹ́ igi.

Kajú àti máńgòrò: ẹ lọ́ wáyà bàbà mẹ́wàá pọ̀, ẹ tú orí rẹ̀ ká sí ẹ̀ka, ẹ fi POP àti gọ́ọ̀mù kùn ún. Ẹ lẹ fóòmù tìmùtìmù tí ẹ fà ya wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀ka, ẹ fọ́n gọ́ọ̀mù sí i, ẹ yí i nínú lẹ́búlẹ́bú pákó aláwọ̀ ewé. Kajú kì í ga púpọ̀, ó máa ń tẹ́ rẹrẹ. Ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ọ̀pẹ: ẹ fi tíṣù alómi-gọ́ọ̀mù wé igi ìgbálẹ̀ mẹ́rin tí ẹ dì pọ̀. Ìmọ̀ rẹ̀, ìyẹ́ adìẹ ni. Ẹ fọ ìyẹ́ náà pẹ̀lú ọṣẹ, ẹ sá a, ẹ gé e sí mílímítà 50, ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ lọ́nà dídábùú, ẹ kùn ún. Méjìlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún ọ̀pẹ kan. Ẹ jẹ́ kí méjì tàbí mẹ́ta gbẹ, kí wọ́n rọ̀ wálẹ̀ sí ara igi.

## Ọ̀pó iná, tánkì, ìmọ́lẹ̀

Igi sùyà ni ọ̀pó iná, okùn ìránṣọ dúdú ni wáyà rẹ̀. Ìdérí ìgò oògùn tí ẹ kùn dúdú ni tánkì omi. Okùn ìránṣọ náà ni irin ojú fèrèsé. Fún ìmọ́lẹ̀ inú ilé, LED (gílóòbù kékeré) kan, rẹ̀sísítọ̀ 330 ọ́ọ̀mù (ohun tó ń dín iná kù kí LED má bàa jó) àti ẹnu ṣájà fóònù tó ń gbé fóòtì 5 (5V) jáde ti tó. Ẹ má jẹ́ kí iná ilé tààrà dé orí tábìlì yìí lọ́nàkọnà.

## Ìdí tí ti ẹlòmíràn kò fi rí bó ṣe yẹ

- Ohun gbogbo ń dán. Ọ̀dà olómi tí kò dán ni kí ẹ rà. Èyí tó bá ṣì ń dán, ẹ fi ìyẹ̀fun ṣọ́ọ̀kì ra á.
- Ilé gbogbo dojú kọ ojú irin tààrà, wọ́n tò gbọọrọ. Ẹ yí wọn díẹ̀.
- Ilé dúró sórí ilẹ̀, àyè ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀, ẹ rì í sínú rẹ̀, kí ẹ da ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀.
- Àwọ̀ ewé kan ṣoṣo ló wà láti òpin dé òpin.
- Igi kéré jù sí ilé. Ẹ padà wo àwọn ìwọ̀n tí ẹ kọ sára ògiri.
- Tẹ́ṣàn wà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kankan kò dé ibẹ̀.

## Ọyẹ́, òjò àti aáyán

Nígbà ọyẹ́, pákó máa ń sún kì. Irin tí ẹ fi ẹnu so mọ́ra láìsí àyè kankan á gbé ara rẹ̀ sókè nígbà tí ooru bá dé; nítorí náà, ẹ fi àyè tí bébà kan lè gbà sílẹ̀ níbi ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó da òkúta sí i. Nínú òjò, gọ́ọ̀mù tí kò gbẹ kíá lè hu funfun. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má bò ó títí yóò fi gbẹ.

Ẹ má fi ẹ̀kọ tàbí gààrí ṣe gọ́ọ̀mù, bó ti wù kí owó ṣọ̀wọ́n tó, torí aáyán àti eku yóò jẹ ògiri ilé yín ní òru. Ẹ fi kẹrosíìnì kun ẹsẹ̀ tábìlì nítorí ikán, tàbí kí ẹ gbé e sínú agolo tí kẹrosíìnì díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọdé àti iná.

Bí ẹ bá ti ṣe tán lójúmọ́, ẹ fi nylon fífẹ̀ bò ó. Ẹ ki igi mẹ́rin sí igun tábìlì láti gbé nylon náà sókè, kó má bàa tẹ ọ̀pẹ yín mọ́lẹ̀. Ní àràárọ̀ ọyẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku orí òrùlé, kí ẹ sì nu irin kí ẹ tó tan ọkọ̀.